Bí Àbúrò Ọkọ Mi Ṣe Mọ̀wé Kà Lórí Àpáta

Ọdún tí mo wọ ilé ọkọ ní Ṣakí ni wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ilé wa. Òkèhò ni wọ́n ti bí mi, ibẹ̀ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà kí n tó ṣègbéyàwó. Ìwé ẹ̀rí Gíréèdì Túù wà lọ́wọ́ mi, mo sì gbà pé kò sí ọmọ tí a fi sùúrù kọ́ tí kò ní í mọ̀wé kà. Àbúrò ọkọ mi ló kọ́kọ́ dán ìgbàgbọ́ yẹn wò.

Ọmọbìnrin ni, òun sì ni àbígbẹ̀yìn ìyá ọkọ mi. Bàbá wọn ti kú kí n tó dé. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sílé kí n tó wọlé, àgbà ló sì jẹ́ fún mi. Mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Nítorí pé eyín rẹ̀ funfun, tí kì í sì í fi í pamọ́, Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́. "Ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mò ń di irun fún un, tí mo sì ń bu oúnjẹ fún un. Òun náà ń fi "ẹ" dá mi lóhùn nítorí pé mo jẹ́ tíṣà. Àwọn ará ilé a máa fi àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà gbọ́n. Bí ó bá ti ọjà dé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, yóò sín gbogbo ẹni tó rí níbẹ̀ jẹ: alápatà tó ń tiro, Gàḿbàrí tó ń ta àlùbọ́sà, ìyá arúgbó tó ń ná ọjà tí kò ní í rà. A ó máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wa. Ní ilé kéwú, ohun tí ààfáà bá ti kà fún un, yóò kà á padà láìṣì í rárá. Kò sí ẹni tó lè ronú pé nǹkan kan ń dà á láàmú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a ti ti ilé ìwé dé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Ó kó àwọn ọmọ ilé jọ, ó ń ka ìwé Yorùbá wọn fún wọn. Ó ń dúró níbi tó yẹ kó dúró, ó sì ń gbé ohùn sókè níbi tí àgbẹ̀ inú ìtàn náà ti ń bínú sí ọ̀bọ tó jẹ àgbàdo rẹ̀. Inú mi dùn. Mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láti lọ ká aṣọ tí mo sá, mo sì yọjú wo ìwé náà. Ẹnu rẹ̀ ń ka ìtàn àgbẹ̀ àti ọ̀bọ, ṣùgbọ́n àwòrán ọkọ̀ ojú omi àti àwọn apẹja ló wà lójú ewé tó ṣí sílẹ̀.

Mi ò sọ nǹkan kan lójú àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n túká, mo pè é wọ yàrá mi, mo ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀.

"Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 'ilé' hàn mí nínú ewé yìí."

Kò wo ìwé. Ojú mi ló ń wò, kó lè rí ibi tí ojú mi máa yà sí. Nígbà tí ó rí i pé mi ò wo ibì kankan, ó fi ìka sórí ọ̀rọ̀ kan. "Ọjà" ni.

"Èyí ńkọ́?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ewé náà.

"Ìyàwó wa, ẹ má sọ fún ìyá mi," ó ní. "Bí tíṣà bá ti kà á lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo wo ìwé, mi ò mọ lẹ́tà tó jẹ́ bí, mi ò mọ èyí tó jẹ́ dí. Bí mo bá mọ̀ ọ́n lónìí, tó bá di ọ̀la yóò ti yí padà."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá tíṣà tó ń kọ́ ọ. Kíláàsì kẹta ni ọmọ náà wà, ó sì ti tún kíláàsì náà ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti kó ọmọ wọ ilé ìwé débi pé ìjókòó kò tó, ilẹ̀ ni àwọn mìíràn ń jókòó sí, òun nìkan ló sì ń dá gbogbo wọn kọ́.

"Olódo ni, mà," ó sọ fún mi. "Mo ti nà án títí, ó ti sú mi. Ẹnu nìkan ló ní."

Ọ̀gá ilé ìwé kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi ní tirẹ̀. Ó ní bí ọmọ náà kò bá mọ̀wé kà nígbà tí ọdún ìwé bá parí, kí a wá nǹkan mìíràn fún un ṣe, nítorí pé àwọn ọmọ tó ń wá àyè wọlé pọ̀ níta.

Ìyá ọkọ mi ni mo wá lọ bá. Èlùbọ́ àti láfún ló ń tà. Ó máa ń ná ọjà Ìwéré-Ilé, ó sì mọ gbogbo oníṣòwò tó wà lójú ọ̀nà yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò yà á lẹ́nu.

"Ìyàwó, ṣé o rò pé mi ò mọ ọmọ tí mo bí ni?" ó ní. "Orí ọjà ló ní. Bí ọdún ìwé yìí bá parí, kó máa tẹ̀ lé mi."

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n máa kọ́ wọn nílé títí ọdún ìwé yóò fi parí."

"Ìwọ náà yóò máa nà án?"

"Rárá, Ìyá."

Ó na ìka sí mi. "Ọjọ́ tí o bá nà án, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ọjọ́ ọjà Ìwéré-Ilé sì rèé, tèmi ni, o ò gbọdọ̀ dá a dúró."

Mo dúpẹ́. Èmi àti ọmọ náà ṣe àdéhùn tiwa náà: bí a bá ti ṣí ìwé, "ìwọ" ni màá máa pè é, òun yóò sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, bí a bá pa ìwé dé, yóò padà di àgbà mi. Àdéhùn náà dùn mọ́ ọn. Nígbà mìíràn tí ẹ̀kọ́ bá ti sú u, yóò pa ìwé náà dé, yóò ní, "Ìyàwó wa, ẹ bá mi bu omi."

Ohun tí wọ́n kọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo kọ a, bí, dí sára pátákó kékeré tí ọkọ mi, tó jẹ́ kápẹ́ńtà, bá mi fá. Kí n tó mọ̀, ó ti mọ gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí bí ẹni ń kọrin. Mo rò pé a ti bọ́. Ìgbà tí mo tọ́ka sí lẹ́tà kan láàárín ni mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì: ó ń kà á wá láti orí a títí tí yóò fi dé ibi tí ọwọ́ mi wà. Nígbà tí mo gé àwọn lẹ́tà náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí mo dà wọ́n rú, gbogbo rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ṣe é títí. Ọkọ mi gbọ́ wa lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ṣé ẹ ò ní í sinmi díẹ̀ ni?" Àwa méjèèjì ni ó ti rẹ̀.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni nǹkan yí padà. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa tí àwọn obìnrin àdúgbò ń sá iṣu èlùbọ́ sí. Iṣẹ́ èmi àti ọmọ náà ni láti máa lé ewúrẹ́ bí a bá ti ilé ìwé dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo he èédú kan nílẹ̀, mo fi kọ lẹ́tà b sórí ibi tó ṣófo lára àpáta náà, mo kọ ọ́ tóbi bí ẹní. Yàrá ló ti sú mi, mo fẹ́ dán nǹkan mìíràn wò. Mo ní kó bọ́ bàtà, kó fi ẹsẹ̀ tọ ojú ìlà náà. Ó rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì yí ikùn rẹ̀ po. Mo kọ d sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rin ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó ń wo méjèèjì.

"Ìyàwó wa," ó ní, "níbo ni wọ́n ń lọ?"

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bi mí. Ìgbà tó yá ló yé mi. Ní ilé kéwú, ọ̀tún ni wọ́n ti ń kàwé bọ̀ sí òsì; ní ilé ìwé, òsì ni wọ́n ti ń lọ sí ọ̀tún. Láti kékeré ló ti ń ṣe méjèèjì, kò sì sí ẹni tó là á yé e rí.

"Apá ọ̀tún ni àwọn tèmi ń lọ," mo ní. "Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ìwé tí wọ́n ń kọ́ yín ní kíláàsì."

Ó tún wo àpáta náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí lóyún!" Ó dúró lórí b, ó ti ikùn síwájú, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó sì ń rìn bí obìnrin tí oṣù rẹ̀ ti pé. "Ẹ wo oyún rẹ̀ níwájú. Ó fẹ́ bí. Bí." Ó fò sórí d. "Èyí ò lóyún ní tirẹ̀. Ìdí ló ní." Ó ti ìdí sẹ́yìn, ó sì ń yan lọ gẹ́lẹ́ bí obìnrin àdúgbò wa kan tí mi ò ní í sọ ẹni tó jẹ́. "Ìdí. Dí."

Mo rẹ́rìn-ín títí ewúrẹ́ fi jẹ nínú iṣu èlùbọ́. Nígbà tí a lé wọn tán, mo kọ méjèèjì káàkiri àpáta náà, mo pọ̀ wọ́n mọ́ra wọn, mo sì ń tọ́ka sí wọn bó ṣe wù mí. Kò ṣi ọ̀kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó jẹun, mo tún kọ b sílẹ̀ fún un.

"Oyún náà ṣì wà níbẹ̀," ó ní.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá ènìyàn fún gbogbo lẹ́tà. Lẹ́tà p gbé ẹrù sórí, m ní ẹsẹ̀ mẹ́ta nígbà tí n ní méjì, ẹ àti ọ àti ṣ sì ti rí àpótí jókòó lé. Mo gé ihò tóóró sára páálí ṣúgà kan, kó lè máa fi í bo ìwé, kó sì máa rí ìwọ̀nba tí ẹnu lè pè lẹ́ẹ̀kan: bà, lẹ́yìn náà tà. Nígbà tí mo wá ṣàlàyé àmì ohùn fún un, pé èyí tó ń gun òkè ni ohùn òkè, èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni ohùn ìsàlẹ̀, mo rí i pé etí rẹ̀ mú ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo ti kọ́ lọ. Mo kọ igba, igbá, ìgbà àti igbà sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi imú kọ ohùn wọn bí orin, ó wá pè wọ́n tán, kò ṣi ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n ní kíláàsì rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀. Tíṣà rẹ̀ ní kó dìde kàwé lọ́jọ́ kan. Ó ń kà á, àmọ́ ó ń falẹ̀, àwọn ọmọ yòókù sì ń bá a parí ọ̀rọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní kó jókòó. Ó dé ilé, ó ti ìwé náà sábẹ́ ibùsùn mi.

"Mi ò lọ mọ́," ó ní.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ọjà, ó sì bá ìyá rẹ̀ lọ sí Ìwéré-Ilé. Mo ṣiṣẹ́ ní kíláàsì lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Mo rò pé a ti pàdánù rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́, ìyá ọkọ mi kò tilẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ kó tó pè mí.

"Ìyàwó, wá. Kí lo kọ́ ọmọ yìí?"

Mo sáré jáde. "Kí ló ṣe, Ìyá?"

"Lọ́rí méjì ló wà ní gáréèjì. Ọmọ tó ń pe èrò sọ pé ti iwájú ló ń bọ̀ ní Ṣakí, àwọn alábàárù sì ti ń gbé àpò láfún mi sókè. Ọmọ yìí fà mí láṣọ. Ó ní, 'Ìyá, kì í ṣe èyí, Ìbàdàn ni wọ́n kọ sí i lára.' Mo ní kó dákẹ́. Ó ní òun ò ní í dákẹ́. Ó ní aláboyún wà níbẹ̀, onídìí ńlá sì ń tẹ̀ lé e." Ìyá ọkọ mi mi orí. "Mo rò pé orí ọmọ mi ti dàrú ni. Àfi ìgbà tí dẹ́rẹ́bà sọ̀ kalẹ̀ tó ní òótọ́ ni, Ìbàdàn lòun ń lọ, ti ẹ̀yìn ni ti Ṣakí. Ó bi mí pé kíláàsì wo ni ọmọ yìí wà."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Kí ni ǹ bá sọ? Mo ní ilé ìwé ló ń lọ." Ó yíjú sí ọmọ náà, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀la, wàá padà síbẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, wá sọ ọ́ fún mi."

Ó padà. Láti ìgbà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tó bá rí: ara ògiri, ara agolo mílíìkì, iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀. Bí a bá rán an níṣẹ́, kì í tètè dé.

Nígbà tí ọdún ìwé ń parí lọ, mo lọ bá ọ̀gá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí òun fúnra rẹ̀ dán ọmọ náà wò, kó sì fún un ní ìwé tí kò rí rí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ti kọ́ ọ sórí. Ọ̀gá gbà. Lọ́jọ́ tó dá, ìyá ọkọ mi kò lọ sí ọjà. Ó dúró sójú fèrèsé kíláàsì kẹta, ó fi gèlè nu ojú bí ẹni pé oòrùn ló ń pa á, bẹ́ẹ̀ sì ni òjò ti ṣú.

Ọ̀gá gbé àwọn ìwé tuntun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé wọlé, okùn ṣì wà lára wọn. Ó fi abẹ gé okùn náà lójú gbogbo wa, ó fa ọ̀kan yọ, ó ṣí i láàárín.

"Ka ibí yìí."

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé mo lè lo páálí mi?"

Tíṣà rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ní kó lò ó.

Ó gbé páálí náà lé ìlà àkọ́kọ́. "O... bìn... rin. Obìnrin. Obìnrin kan... ń ti... odò... bọ̀." Bí ó ṣe kan b, mo rí i tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú díẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù. Mo wo ilẹ̀ kí n má baà rẹ́rìn-ín. Kò yára. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń bá a lọ, mo gbọ́ tí ohùn rẹ̀ ń padà di ohùn tó fi máa ń sọ̀rọ̀ nílé. Ó dé ibi ọ̀rọ̀ kan, ó dúró. Tíṣà rẹ̀ la ẹnu láti bá a pè é, àmọ́ ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè. Ọmọ náà rọra ń sún páálí rẹ̀.

"Gbà... ge... de." Ó tún padà sí i. "Gbàgede. Ó sọ omi rẹ̀ kalẹ̀ ní gbàgede."

Ó kà á dé ìsàlẹ̀ ewé. Ọ̀gá ní ó ti tó. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń ṣí ewé kejì.

"Mo ní ó ti tó," ọ̀gá sọ.

"Sà, mi ò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin náà."

Ọ̀gá wò ó. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó ní kó máa kà á lọ. Gbogbo wa gbọ́ ìtàn náà dé òpin, títí kan àwọn ọmọ tó ti kó ara wọn jọ sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ó pa ìwé náà dé, tíṣà rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ìyá ọkọ mi fi ojú fèrèsé sílẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó wá jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló kàn dì mú.

Wọ́n gbé e lọ sí kíláàsì kẹrin, ìyẹn kíláàsì tèmi. Nínú ìsinmi yẹn, tíṣà rẹ̀ àtijọ́ wá sí ilé wa, òun àti ọmọkùnrin kan tí kò mọ̀wé kà ní kíláàsì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, báwo lẹ ṣe ṣe é?" ó bi mí.

"Ẹ bi àwọn," mo ní, mo sì fi àgbà mi hàn án.

Ọmọ náà kó wọn lọ sórí àpáta, ó wá èédú, ó sì ní kí àwọn méjèèjì bọ́ bàtà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mo ń wo ọkùnrin náà nínú ṣòkòtò rẹ̀ tó ti lọ̀ dáadáa, tó ti ikùn síwájú, tó ń rìn lórí b bí aláboyún, tí ọmọ tó máa ń pè ní olódo sì ń sọ fún un pé, "Rárá sà, apá ọ̀tún lẹ ń lọ." Ó yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kò di ẹni tó ń yára kàwé. Nígbà tí ó wọ ilé ìwé gírámà, ìka rẹ̀ ṣì ń tẹ̀ lé ìlà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì ti parí kí òun tó dé ìdajì. Àmọ́ bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ìwé, yóò kà á dé òpin. Bí iyàn bá wá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn lórí ohun tó wà nínú ìwé náà, òun ni wọ́n máa ń pè kó wá parí rẹ̀, yóò sì ṣí ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà gan-an fún wọn.